Bí A Ṣe Ń Mú Bàtà Tó Rin Gbingbin Gbẹ Láìlo Iná Mànàmáná

Nígbà òjò, bóyá Èkó lẹ wà ni o, bóyá Ìbàdàn tàbí Kútọnu, bàtà tó bá rin lọ́sàn-án kì í sábà gbẹ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọmọ ní bàtà ilé-ìwé kan ṣoṣo, òjò pa á bọ̀ wálé ní aago méjì, ó sì gbọ́dọ̀ tún un wọ̀ ní aago méje àárọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni ká gbé bàtà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tàbí ẹ̀yìn fíríìjì bí iná bá wà, tàbí ká fi kọ́ ara wíńdò. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ. Iwájú rẹ̀, níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń wọ̀, á ṣì tutù. Ibẹ̀ ni òórùn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ máa ń bu.

Ohun tó fà á ni pé bàtà dà bí ìgò, ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti mu omi yó, kò rọ́nà jáde, tuntun ò sì rọ́nà wọlé. Bí ẹ bá kó gbogbo ẹyinná inú ààrò sún mọ́ ọn, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀, sísè lẹ ń sè é. Àpótí tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, iṣẹ́ kan náà ni mo bẹ̀ ẹ́: kó gbé afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé iwájú bàtà gan-an, kó sì fún un lọ́nà àbájáde. Kò lo iná mànàmáná, kò sì sí ẹyinná nínú rẹ̀. Ìkòkò omi gbígbóná tí a dé dáadáa ni ẹ̀rọ rẹ̀.

Ooru díẹ̀ ti tó

Ẹ jẹ́ ká mú àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá wà ní 26°C, kò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 24 omi lọ. Bó bá di 36°C, ó lè gbé bíi gíráàmù 42. Lálẹ́ ọjọ́ òjò, afẹ́fẹ́ wa sábà máa ń ti gbé bíi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lè gbé. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tí a sá sínú ilé kì í fi í gbẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá mú afẹ́fẹ́ yẹn kan náà gbóná sí i ní 10°C péré, láìfi omi kankan kún un, ìdá 90 yẹn á já sí nǹkan bíi 53. Òùngbẹ omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́.

Ẹ ò wá rí i pé kò gba iná ńlá. Iná ńlá gan-an ló ń ba bàtà jẹ́. Àtè tó so ìtẹ́lẹ̀ mọ́ ara bàtà máa ń rọ̀ bí ooru bá pọ̀, awọ tó tutù ò sì lè gba ooru tí awọ gbígbẹ lè gbà: á sún kì, á le, á sì sán. Mo fi 45°C ṣe òpin. Ẹni tí ò bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru, kó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ẹnu páìpù. Bí ọwọ́ bá lè wà níbẹ̀ fúngbà pípẹ́ láìta yín, ó dáa.

Ẹ fún omi kúrò kẹ́ ẹ tó ronú ooru

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kí gíráàmù 100 omi tó lè di ooru, kó fò lọ, ó gba nǹkan bíi 240 kilojoule (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára ooru). Omi tí ẹ bá fi ọwọ́ fún jáde ò gba nǹkan kan àfi agbára ọwọ́.

Ẹ da omi inú bàtà nù. Ẹ tú okùn rẹ̀ pátápátá, ẹ yọ tìmùtìmù inú rẹ̀ bó bá ṣeé yọ, ẹ fa ahọ́n rẹ̀ síwájú kí ẹnu rẹ̀ lè ya. Okùn àti tìmùtìmù á gbẹ lọ́tọ̀, torí bí wọ́n bá wà nínú bàtà, wọ́n á máa fi omi wọn bù ún padà ni. Bó bá jẹ́ omi gọ́tà tàbí ẹrẹ̀ ló wọ̀ ọ́, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ sára aṣọ bàtà kì í ṣí mọ́ bọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ omi òkun, bóyá ẹ ti Badagry dé, ẹ ṣàn án dáadáa kí iyọ̀ kúrò. Iyọ̀ tó bá kù nínú bàtà á máa fa ọ̀rinrin wá sínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi táwẹ̀lì gbígbẹ wé bàtà, ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kánfáàsì àti bàtà eré ìdárayá lè gba ìtẹ̀ yìí. Bàtà aláwọ ò gbà á, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kó má baà wọ́.

Ó kan ìwé ìròyìn. Ẹ rún un, ẹ kì í bọ inú bàtà títí dé iwájú, ẹ má kì í le koko. Èyí àkọ́kọ́, ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú. Á ti rin. Ẹ fi òmíràn rọ́pò, ẹ fìyẹn náà sílẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tó máa ń kì í sínú bàtà lálẹ́, tí wọ́n á wá sùn dàárọ̀, wọ́n ń ṣe é ní òdì: ìwé tó ti mu omi yó ti di ìdérí fún ẹnu bàtà nìyẹn. Fún bàtà funfun, ẹ lo tíṣù tàbí ìwé tí kò ní lẹ́tà lára, kí yíńkì má baà kùn ún.

Àwọn kan máa ń ní ká da ìrẹsì sínú bàtà. Ìrẹsì ti wọ́n jù fún irú ìyẹn, ìwé ìròyìn àná sì ń fa omi jù ú lọ. Àwọn mìíràn máa ń ní ká da iyọ̀ sí i. Èyí kò ṣeé gbọ́ rárá níhìn-ín: bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá bíi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fa omi mu títí á fi yọ́. Ẹ wo iyọ̀ inú ilé ìdáná yín ní oṣù keje, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá

Pátákó tàbí pláìwúùdù tó lè ṣe àpótí ìdúró kan: kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, kó fẹ̀ ní 45, kínú rẹ̀ jìn ní 40. Kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kékeré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì dúró dáa ju èyí tẹ́ ẹ máa kàn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ná lè lo páálí ńlá tí wọ́n fi kó tẹlifíṣọ̀n tàbí fáànù wá. Omi gbígbóná ò lè kọjá 100°C, páálí ò sì ní gbiná níbẹ̀.

Páìpù PVC tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan àti ààbọ̀, ẹ gé e sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Bó bá jẹ́ bàtà ọmọdé lẹ ní, ínṣì kan ló bá a mu. Ẹ tún wá èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́ta, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50. Ìyẹn ni ihò èéfín òkè. Lẹ́yìn náà, ìkòkò onírin tó gba lítà márùn-ún, tí ọmọrí rẹ̀ dé e pinpin, bíríkì méjì, nẹ́ẹ̀tì wíńdò díẹ̀, ìṣó, àti àkísà gígùn tẹ́ ẹ máa fi dí ojú àlàfo.

Kíkàn án

Ẹ kan àpótí náà, kí iwájú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀kùn má balẹ̀ tán: ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ látòpin dé òpin. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, torí aáyán fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju bàtà yín lọ.

Pátákó àárín ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Ẹ gé e kó bá inú àpótí mu rẹ́gí, ẹ gbé e dúró ní sẹ̀ǹtímítà 40 láti ìsàlẹ̀. Kó pín àpótí sí méjì pátápátá, ìsàlẹ̀ fún ìkòkò, òkè fún bàtà. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí i, méjì-méjì, kí àárín bàtà kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán. Ẹ ki páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú ihò, kí wọ́n nàró sókè. Ẹ wá fi àkísà dí gbogbo ibi tí pátákó yìí ti pàdé ògiri àpótí, àti ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan. Bí àlàfo bá wà níbì kan, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á gbà, kò ní wọnú páìpù. Afẹ́fẹ́ kì í wá wàhálà. Kí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà fara kan etí pátákó yìí bẹ́ ẹ bá tì í.

Orí páìpù ńkọ́? Ẹ má gé e gbọọrọ. Ẹ dá a gé ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí iwájú bàtà tó bá jókòó lé e má lè dí i pa. Ẹ tún fi ayùn irin la ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítòsí òkè, kí afẹ́fẹ́ lè tú jáde yíká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irin tẹ́ ẹ ki bọná lu ihò sára PVC. Èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ ń ta ọ̀fun, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Ayùn ló yẹ ẹ́.

Ní òkè àpótí, ẹ lu ihò fún páìpù ínṣì mẹ́ta, kó nàró. Bó ṣe ga sí ló ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sí, torí ohun tó ń fà á ni pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ti ìta lọ, ó sì fúyẹ́. Agbára yìí kéré o. Kì í ṣe fáànù. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ dídí àlàfo, tí mo sì fẹ́ kí àlàfo ìsàlẹ̀ àti páìpù òkè fẹ̀ tó: bí ọ̀nà ìwọlé tàbí ìjáde bá há, ohun gbogbo dúró.

Kẹ́ ẹ tó fi bàtà kankan sí i, ẹ fi kọ́ìlì ẹ̀fọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ìkòkò omi gbígbóná sínú rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá mú kọ́ìlì tó ń rú sún mọ́ àlàfo ìsàlẹ̀. Èéfín gbọ́dọ̀ wọlé. Láìpẹ́, ó yẹ kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀ lókè. Bó bá ń jáde padà sí yín lójú, àlàfo kan wà tẹ́ ẹ ò tíì dí, tàbí kẹ̀ afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé láti òkè. Ẹ gbé àpótí kúrò níwájú wíńdò.

Lílò ó lálẹ́

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kẹ́ ẹ tó pa iná ìdáná, ẹ gbé lítà mẹ́rin omi kaná. Ooru tó kù nínú ẹyinná lẹ́yìn ọbẹ̀ lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Bó bá ti hó, ẹ dé e, ẹ fi okùn so ọmọrí mọ́ ọn, ẹ nu ara ìkòkò gbẹ, ẹ gbé e lé bíríkì méjèèjì. Ìkòkò tí a ò dé lòdì sí iṣẹ́ yìí: ooru omi rẹ̀ á gba inú páìpù lọ sínú bàtà, ọ̀rinrin tí à ń lé jáde la tún ń rọ́ wọlé.

Ẹ da bàtà dé orí páìpù, kí ìtẹ́lẹ̀ kọjú sókè, kí orí páìpù sún mọ́ iwájú rẹ̀. Ẹnu bàtà ò gbọ́dọ̀ fara lé pátákó. Ẹ fi àlàfo ìka méjì sí abẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó ti mu omi lè jáde. Okùn àti tìmùtìmù, ẹ fi wọ́n kọ́ ìṣó lára ògiri òkè. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sì fi nǹkan há a, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nílé. Omi gbígbóná ló wà níbẹ̀.

Kí lẹ lè retí? Lítà mẹ́rin omi tó bá tutù láti 90°C wá sí 40°C á tú bíi 830 kilojoule sílẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá ara pátákó lọ. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá kan bàtà, ìyẹn lè lé bíi gíráàmù 100 omi jáde. Fún bàtà tẹ́ ẹ ti fún, tẹ́ ẹ sì ti fi ìwé ìròyìn fà, ó lè tán an. Fún kánfáàsì tó nípọn, ẹ ó pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹni tó bá ní síkéèlì ilé ìdáná, kó wọn bàtà kó tó gbé e wọlé àti nígbà tó bá gbé e jáde. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni omi tó lọ, ìyẹn á sì kọ́ yín ju gbogbo àlàyé mi lọ.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a ò kúkú fi ẹyinná sínú agolo, ká gbé e sísàlẹ̀ àpótí, kó yá? Rárá o. Èédú tó ń jó nínú yàrá ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide sílẹ̀: a kì í rí i, kò lóòórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹyinná lè jó pátákó, omi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí oòrùn bá yọ

Àpótí yìí kan náà lè lo oòrùn lọ́sàn-án. Ẹ wá páànù tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ tó àpótí, ẹ kùn ún ní dúdú tí kò dán, ẹ fi igi yí i ká bíi fèrèmù tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹ na ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e lójú. Kí òpin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí, kí òpin òkè rẹ̀ wọ àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ gbé àpótí lé orí búlọ́ọ̀kù kí páànù lè dagun. Afẹ́fẹ́ á máa gbóná lórí páànù, á máa gun òkè wọ inú páìpù.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá lọ́run ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà sí Ìbàdàn, kì í ṣe gúúsù. Nítorí náà, nígbà òjò, ẹ kọ ojú páànù sí àríwá. Láti oṣù kẹwàá lọ, ẹ yí i padà sí gúúsù.

Ẹ má sá bàtà aláwọ sójú oòrùn gangan, ẹ má sì gbé e lé páànù orílé, bó ti wù kó yá tó. Ní ọ̀sán, páànù yẹn gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè dì mú, àtè ìtẹ́lẹ̀ kì í sì í dúró dè é. Àwọn ṣúmékà mọ ìdí tí iṣẹ́ wọn fi ń pọ̀ lẹ́yìn òjò. Kánfáàsì funfun, ẹ fi tíṣù funfun wé e kẹ́ ẹ tó gbé e sóòrùn, torí ọṣẹ tó kù lára rẹ̀ máa ń pọ́n bó bá ń gbẹ. Bẹ́ ẹ bá wé e, ara tíṣù ni ó máa jókòó sí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pó ti gbẹ?

Ẹ má gba ẹ̀yìn bàtà gbọ́. Ẹ ki ìka dé iwájú rẹ̀. Bó bá tutù ju ara bàtà tó kù lọ, omi ṣì ń fò níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ rin ọwọ́ yín. Tàbí kẹ́ ẹ rún tíṣù gbígbẹ kan sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bó bá jáde tó ṣì ń ró pẹ́pẹ́, ó ti gbẹ.

Bàtà aláwọ ṣì nílò nǹkan kan sí i. Ẹ dá a dúró kúrò nínú àpótí nígbà tó bá ṣì ku díẹ̀, ẹ kì í níwèé kó má baà sún kì, kó parí gbígbẹ rẹ̀ lábẹ́ òjìji. Bó bá gbẹ tán ni kẹ́ ẹ tó kùn ún ní pólíìṣì. Pólíìṣì lórí awọ tútù ń há omi mọ́nú ni. Bí òórùn bá ṣì kù nínú bàtà tó gbẹ, ẹ di èédú tí kò jó sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, ẹ fi sínú rẹ̀, ẹ sì máa sá èédú náà sóòrùn lóòrèkóòrè.

Nígbà ọyẹ́, ẹ yọ ìkòkò kúrò, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti gbẹ nígbà yẹn, páìpù nìkan tó láti gbé bàtà dúró. Àwọn àkísà tẹ́ ẹ fi dí àlàfo, ẹ tú wọn wò kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, torí eku máa ń jẹ wọ́n.